Ọjọ́ Tí Mọ́mì Gba Ẹ̀rí Wọn Padà

Bàtà ni ó kọ́kọ́ sọ fún mi. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe àlá, kì í ṣe wòlíì. Bàtà onírin tí mo fi ń sáré lórí yìnyín, tí mo ti ń wọ̀ láti ọdún méjì, ni kò gba ẹsẹ̀ mi mọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Mo fà á, mo tì í, mo tú okùn rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá kí ẹsẹ̀ tó wọlé. Mo rò pé ẹnì kan ló fi tirẹ̀ pààrọ̀ tèmi.

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè jókòó ní ọsibítù, tí wọ́n ní kíndìnrín yín ń ṣàárẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí. Mo mọ̀ bí àga yẹn ṣe ń gbóná lábẹ́ ènìyàn. N kò ní tàn yín pé ìyọnu mi ti parí. Àmọ́ mo ṣì wà láàyè, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí mo ti ṣìnà, kí ẹ̀yin má bàa gba ibẹ̀ kọjá.

Láńre ni orúkọ mi. Ìyá àgbà ló tọ́ mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìdí nìyẹn tí Yorùbá mi kò fi ṣubú sínú odò Thames. Lẹ́yìn náà ni Mọ́mì ránṣẹ́ pè mí wá sí Thamesmead ní London, níbi tí àwọn àti àbúrò mi Bùkọ́lá ń gbé. Mọ́mì ń dáná ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Abbey Wood. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ilé ìwé wa kó wa lọ sí pápá yìnyín, ibi tí wọ́n ti mú kí omi dì gbagidi bí ilẹ̀ símẹ́ǹtì. Àwọn ọmọ yòókù ń ṣubú, wọ́n ń sunkún. Èmi náà ṣubú, àmọ́ ẹ̀rín ni mo ń rín. Ọkùnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní họ́kì rí mi, ó sì bi mí pé ta ni ìyá mi.

Fún ẹni tí kò bá mọ họ́kì orí yìnyín, ènìyàn mẹ́fà mẹ́fà ló wà ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fi igi gígùn lé rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan kiri orí yìnyín, wọ́n á sì máa kọlu ara wọn bí àgbò. Ẹ̀yìn ni mo ti ń gbá a. Iṣẹ́ mi ni kí n dínà mọ́ ẹni tó ń bọ̀, kí n sì fi ara mi gba rọ́bà náà bó bá di dandan. Òwúrọ̀ kùtù ni wọ́n máa ń fún àwọn ọmọdé láyè ní pápá, nítorí náà Mọ́mì á wọ kóòtù méjì, wọ́n á fi ìborùn wé orí, wọ́n á gbé báàgì mi tó tóbi jù mí lọ wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n á sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú fíláàsì ògì gbígbóná títí a ó fi ṣe tán. Wọn kò fẹ́ràn eré náà rárá. Wọ́n ní, "Láńre, nínú gbogbo eré tó wà ní London, èyí tí wọ́n ti ń lu ènìyàn nínú fìríìjì lo rí yàn?" Síbẹ̀ wọn kò pa ọjọ́ kan jẹ.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo fọwọ́ sí ìwé láti máa fi họ́kì jẹun. Ọdún méjìlá ni mo lò nínú iṣẹ́ náà, ní ìlú mẹ́ta ní àríwá England. Mo fi eyín iwájú méjì sílẹ̀ níbẹ̀, èjìká mi sì yẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èmi nìkan ni adúláwọ̀ nínú yàrá tí a ti ń wọṣọ, mo sì ti pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ pé wọn kò ní gbọ́ igbe mi. Yàrá yẹn ní òfin kan tí wọn kò kọ sílẹ̀: bó bá dùn ọ́, pa ẹnu mọ́. Bí o bá ní ara ń ro ọ́, ẹlòmíràn á gba ipò rẹ. Oògùn ara ríro ló wá di oúnjẹ wa. Mo ń gbé e mì kí a tó jáde, mo ń gbé e mì nígbà ìsinmi, mo tún ń gbé e mì bí a bá ṣe tán, bí ẹni ń ju gúgúrú sẹ́nu. Kò sí ẹni tó fi tipátipá fún mi, ọwọ́ ara mi ni mo fi mú un.

Ilé wa náà ní òfin tirẹ̀, ó sì jọ ti yàrá yẹn gan-an. A kì í sọ àìsàn síta. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ṣé ara le, "A dúpẹ́" ni ìdáhùn, ì báà jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lo wà. Mọ́mì ní kò yẹ kí ọ̀tá mọ ibi tí òrùlé ènìyàn ti ń jò. Òfin méjèèjì yìí ni mo kó pọ̀ sínú ara kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bàtà, ìtọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí omi ọṣẹ. Ara ń yún mi. Ẹnu mi ń korò, oúnjẹ kò dùn mọ́. Bí mo bá sáré lọ sáré bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí yìnyín, èémí mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo dẹ okùn bàtà, mo ní ọjọ́ orí ló dé, èmi ọmọ ọgbọ̀n ọdún! Nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa wá wo orúnkún mi níjọ́ kan, ó sì ní kí òun kúkú wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi pẹ̀lú. Ó wò ó, ó tún un wò, ó wá bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Hospital, Lanny. Today." A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n orúnkún ni gbogbo wa ti ń wò láti ọjọ́ yìí.

Àsìkò eré ti parí nígbà náà, nítorí náà mo padà sí Thamesmead, wọ́n sì fi ìwé mi ránṣẹ́ sí ọsibítù kan lágbègbè wa. Mo jókòó síbẹ̀ láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ títí aago méjì fi kọjá. Mo wo àwọn tó jókòó tì mí, ọ̀pọ̀ wọn dúdú bíi tèmi, ẹnikẹ́ni kò sì wo ojú ẹnì kejì. Nígbà tí wọ́n pè mí, dókítà obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù ló ṣàlàyé. Kíndìnrín mi ti sọ ju ìdajì agbára rẹ̀ nù. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí n kò mọ̀ pé mo ní ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn náà, oògùn ara ríro ló sì ń bá a tẹ̀ síwájú. Ó ní bí mo bá fi oògùn yẹn sílẹ̀, bí mo bá ń lo ti ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́, bí mo bá sì ń wá fún àyẹ̀wò lóṣooṣù, ó lè gbé mi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbí yìí kí ẹ tún un kà. Wọ́n fún mi ní ọ̀nà, ọ̀nà náà kò sì le.

Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, ilẹ̀ ni Mọ́mì jókòó sí. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ jáde nílé yìí o." Kò ju ọjọ́ kan lọ tí Uncle Ráṣídì, àbúrò Mọ́mì tó ń wa bọ́ọ̀sì, fi dé pẹ̀lú ìgò agbo nínú náílọ́ọ̀nù dúdú. Mọ́mì ló sọ fún wọn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ àwọn kì í ṣe ará ìta.

"Láńre, cup kan morning, cup kan evening," Uncle ní. "Ọ̀rẹ́ mi kan ní Plumstead, same thing. Ó ti padà sí work."

"Uncle, ẹ má bínú. Dókítà ní kí n má mu anything tí àwọn ò bá mọ ohun tó wà nínú ẹ̀."

"Dókítà ní? Ṣé dókítà ló sọ ẹ́ lórúkọ? Before dókítà, kí là ń lò?"

Bùkọ́lá, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbé ìgò, ó dà á sínú síǹkì, ó sì ṣí ẹ̀rọ omi lé e lórí. "Uncle, no disrespect," ó ní, "but this is how people end up on my ward." Odidi oṣù kan ni Uncle kò fi bá a sọ̀rọ̀. Bí Uncle ṣe ń jáde lọ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Òótọ́ ni òwe náà, àmọ́ kò sọ ohun tí ó yẹ ká fi wò ó.

Mọ́mì ní tiwọn gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Láràárọ̀ kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á fi òróró ra ẹ̀gbẹ́ mi méjèèjì, wọ́n á sì gbàdúrà. N kò kọ̀, mo fẹ́ràn ọwọ́ yẹn. Mo sì ń lo oògùn dókítà pẹ̀lú, mo sì ń lọ fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn oṣù méjì, dókítà rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní ó ti sàn díẹ̀, kí n má ṣe dẹwọ́. Ní ibùdókọ̀ ni mo ti pe Mọ́mì lórí fóònù. Mo ní, "Mọ́mì, ó ti sàn díẹ̀." Wọ́n pariwo "Jésù!" débi tí mo fi gbé fóònù jìnnà sí etí.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà lókè ilé ìtajà kan ní Woolwich, kò jìnnà sí Royal Arsenal. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe ní kí àwọn tó ní ẹ̀rí jáde, Mọ́mì ti ń jó lọ síwájú pẹ̀lú áńkáṣíìfù funfun.

"Praise the Lord! Dókítà said my son's kidney is finished! Wọ́n ní machine! But this week, the same doctor, ẹnu ara ẹ̀ náà ló fi sọ pé it is brand new! Láńre, come out, jẹ́ kí wọ́n rí ẹ!"

Gbogbo ilé dìde. Pásítọ̀ na gbohùngbohùn sí mi. Mo wo ojú Mọ́mì. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, n kò rí i kí ayọ̀ tàn bẹ́ẹ̀ lójú wọn rí. Mo ní, "A dúpẹ́."

Ẹni tí kò bá dàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì bíi tiwa lè má mọ ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn. Bí wọ́n bá ti jẹ́rìí lé ọ lórí, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Bí o bá tún ṣàìsàn, a jẹ́ pé Ọlọ́run gba ẹ̀bùn rẹ̀ padà, tàbí pé ìwọ ni kò ní ìgbàgbọ́, tàbí pé ìyá rẹ dúró níwájú pẹpẹ, ó purọ́. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni kí n mú?

Ẹgbẹ́ mi fún mi ní ìwé ọdún kan sí i, mo sì padà sí àríwá. Nínú ìwé tí wọ́n fi ń bi wá nípa ìlera, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kíndìnrín mi ti jinná. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tán lọ́wọ́ mi, n kò gba òmíràn. Èjìká mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo sì padà sídìí oògùn ara ríro. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni Mọ́mì ń pè mí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. "Láńre, ṣé ara le?" "A dúpẹ́, Mọ́mì." Ẹsẹ̀ mi tún ti ń wú nígbà náà. Mo lè wí i. Ó dùn mí títí di òní pé mo lè wí i, n kò sì wí i.

Òtútù mú gan-an lọ́jọ́ tí mo ṣubú. Pápá kún, abala kejì eré la wà. Ẹnikẹ́ni kò kọlù mí. Mo kàn ṣàdédé wá èémí tì, orúnkún mi kan yìnyín, mo sì ń gbọ́ tí ariwo àwọn ènìyàn ń jìnnà sí mi. Nígbà tí mo lajú ní ọsibítù, wọ́n ní omi ti kún inú ẹ̀dọ̀fóró mi. Wọ́n ti ki rọ́bà bọ ọrùn mi, ẹ̀rọ kan ń fa ẹ̀jẹ̀ mi jáde, ó ń fọ̀ ọ́, ó sì ń dá a padà. Kíndìnrín mi méjèèjì ti kú.

Bùkọ́lá ló sọ fún Mọ́mì. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin wá, wọ́n dúró ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wo rọ́bà ọrùn mi fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá ṣí àpamọ́wọ́, wọ́n sì kó lẹ́tà márùn-ún lé orí aṣọ tí mo fi bora. Ọsibítù London ló kọ wọ́n sí mi ní Thamesmead, láti bi mí pé kí ló dé tí n kò wá. Wọn kò já ìkankan nínú wọn.

"Abẹ́ Bíbélì ni mo kó wọn sí," Mọ́mì ní. "Mo ní lẹ́tà aláìsàn ni, kì í ṣe tiwa mọ́." Wọ́n ti lẹ́tà náà sọ́dọ̀ mi. "Every Sunday ni mo ń bi ẹ́ pé ṣé ara le. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mọ́mì, ẹ ti jẹ́rìí."

Wọ́n fi etí ìborùn bo ojú. Irú ẹkún tí wọ́n sun lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ tí Ìyá àgbà kú nìkan ni mo gbọ́ ọ rí.

Bí họ́kì ṣe parí fún mi nìyẹn. Ilé tí mo ń gbé, ti ẹgbẹ́ ni, nítorí náà mo kó báàgì mẹ́ta, mo padà sí yàrá tí mo ti ń sùn nígbà ọmọdé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Àbámẹ́ta, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ni mo ń lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ní Àbámẹ́ta àkọ́kọ́, ẹni tó wà ní àga tó kọjú sí tèmi ni Auntie Ṣadé, olórin ohùn òkè nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Gbogbo wa la mọ̀ pé Auntie kì í wá sí ìpàdé akọrin ní Àbámẹ́ta nítorí iṣẹ́. Wọ́n rí mi, wọ́n sì yí ojú sí ògiri. Èmi náà yí tèmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi jókòó bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ àwa méjèèjì ń yí lójú ara wa, tí a kò kí ara wa.

Mọ́mì ní kí wọ́n yọ ọ̀kan nínú kíndìnrín àwọn fún mi. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Bùkọ́lá náà lọ, wọ́n ní tirẹ̀ kò bá tèmi mu. Wọ́n bá kọ orúkọ mi mọ́ àwọn tó ń dúró de ti ẹni tó bá kú. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ní kí àwọn tó ní ẹ̀rí jáde. Mọ́mì dìde. Wọn kò jó, wọn kò sì mú áńkáṣíìfù dání.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́," wọ́n ní. "Last year, mo dúró síbí, mo ní ọmọ mi ti gba healing. Dókítà said 'a little'. Èmi ni mo yọ 'a little' kúrò. Ọmọ mi wà lórí machine, three times a week. Because of my testimony ni kò ṣe lè sọ fún mi pé ara òun ò le. Mo wá gba testimony yẹn padà. Ọlọ́run ò purọ́. Èmi ni mo purọ́."

Kò sí ẹni tó ṣe àmín. Mo gbọ́ ìró bọ́ọ̀sì tó ń kọjá nísàlẹ̀. Pásítọ̀ di gbohùngbohùn mú, wọn kò mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe. Ìgbà náà ni Auntie Ṣadé sọ̀kalẹ̀ láti àárín akọrin, wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè, kí gbogbo ènìyàn lè rí báńdéèjì ibi tí abẹ́rẹ́ ń gbà wọlé. "Èmi náà," wọ́n ní. "It's not work tí mò ń lọ on Saturdays." Wọ́n dúró ti Mọ́mì, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Pásítọ̀ kò wàásù lọ́jọ́ yẹn mọ́, wọ́n kàn kúnlẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbọ́ ọ dáadáa. Àwọn ìyá kan wà tí wọn kò kí Mọ́mì mọ́ títí di òní, wọ́n ní Mọ́mì ń ba ìgbàgbọ́ jẹ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni èmi àti Auntie Ṣadé ti ń sọ̀rọ̀ láti orí àga sí orí àga, tí wọ́n ń kọ́ mi ní orin tí ohùn mi kò lè gbé. Ní ọdún tó kọjá, ọkàn Auntie dáṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì kú. Ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ ló wà lórí àga wọn báyìí. Bí mo bá gbójú sókè tí n kò rí wọn, ó ṣì ń dùn mí.

Bí mo ṣe wà nìyí. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń dúró. Wọ́n ti pè mí lẹ́ẹ̀kan, mo sáré lọ, kíndìnrín náà bá ẹlòmíràn mu jù mí lọ, mo sì padà sílé. N kì í lọ sí pápá yìnyín, mi ò lè fara da òórùn rẹ̀. Bàtà mi ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti fa omi kúrò lára mi, ó tún ń wọ̀ mí geere. Mo dán an wò lọ́jọ́ kan, mo di okùn rẹ̀ dé òkè, mo sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láìní ibi tí mò ń lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní ọ̀nà, ẹ má fi oògùn ara ríro ṣe oúnjẹ. Ẹ já lẹ́tà yín. Ẹ gbàdúrà o, èmi náà ń gbà á, àmọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ́rìí lé yín lórí kí dókítà tó tú yín sílẹ̀. Bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá sì bi yín pé ṣé ara le, ẹ dá a lóhùn bó ṣe rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ ilé ìdáná, mo rí Mọ́mì tí wọ́n fọwọ́ ti ògiri, tí wọ́n di ojú.

"Mọ́mì, ṣé ara le?"

"A dúpẹ́, ọkọ mi."

Mo fa àga, mo jókòó. Mo ní, "Mọ́mì, mo tún ń bi yín."

Wọ́n wo ìkòkò orí iná, wọ́n wò mí. "Kò le, Láńre," wọ́n ní. "Ó ti tó three days. Ojú mi ń ṣú, orí ń fọ́ mi."

Mo pa gáàsì. Mo kó kóòtù wọn méjèèjì wá, nítorí òtútù mú níta, mo sì bá wọn wọ̀ ọ́. A jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọsibítù, a jókòó ti àwọn tó ń dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo gbé báàgì wọn.